Bí A Ṣe Ń Wá Ibi Tí Ọkọ̀ Máa Sùn Lórí Ọ̀sà Àjàṣẹ́ àti Odò Ouémé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Láti ìgbà tí mo ti ra ọkọ̀ kékeré mi yìí, ìbéèrè kan ni wọ́n ń bi mi jù, kì í ṣe iye tí mo rà á, kì í ṣe iye epo tó ń mu, ohun tí wọ́n máa ń bèèrè ni pé "tílẹ̀ bá wá ṣú mọ́ yín lójú omi ńkọ́, ibo lẹ máa ń sùn?" Ó ti sú mi kí n máa dáhùn ẹ̀ lẹ́nu kọ̀ọ̀kan, mo ní kí n jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ̀ témi ò ju mítà 7 lọ, ẹnjìnì alágbára ẹṣin 15 ló wà nídìí ẹ̀, mo fi tapólì ṣe òrùlé sí i, ẹni méjì lè nà gbọọrọ nínú ẹ̀. Tí tiyín bá tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, ohun tí mo fẹ́ sọ kò yí padà, okùn yín ló máa gùn sí i.

Àwọn tó máa ń wo fídíò àwọn òyìnbó tó ń fi ọkọ̀ rìn lórí kánàlì, odò tí wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́, ẹ máa rí i pé ní tiwọn wọ́n ri irin mọ́ etí omi, wọ́n kọ òfin sí pátákó, ní England ẹni tó gba láíséǹsì láti máa rìn kiri lórí omi tó wà lábẹ́ àjọ Canal & River Trust lè so ọkọ̀ ẹ̀ mọ́ ibì kan tó ọjọ́ 14 kó tó ṣí lọ síwájú. Níbí, lórí omi Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Benin, kò sí pátákó, kò sí irin. Ìyẹn ló máa ń mú káwọn èèyàn rò pé ibi tó bá wù wọ́n ni wọ́n lè sùn sí, irọ́ gbáà ni. Omi tẹ́ ẹ rí tó tẹ́ lọ bẹẹrẹ yẹn, wọ́n ti pín in tipẹ́: ibi tí bàbá lágbájá ti ń dẹ àwọ̀n, ibi tí ìdílé tàmẹ̀dò ri àkàjà (igi tí ẹja ń gbé inú ẹ̀) sí, ojú ọ̀nà àwọn ìyá tó ń ná ọjà, ibi tí wọ́n ti ń bọ òrìṣà. Kò ní ògiri ni, àmọ́ ó lólúwa. Wíwá ibi tí ọkọ̀ máa sùn, wíwá olówó ibẹ̀ ni, kẹ́ ẹ sì rí i kí oòrùn tó wọ̀. Gbogbo ohun tó kù tí mo fẹ́ sọ, abẹ́ ọ̀rọ̀ yìí ló wà.

Oṣù wo la wà? Ìyẹn lẹ kọ́kọ́ máa bèèrè

Kẹ́ ẹ tó ronú ibi tẹ́ ẹ máa sùn, ẹ ronú omi fúnra ẹ̀, torí ọ̀sà Àjàṣẹ́ tẹ́ ẹ mọ̀ nínú oṣù kejì kọ́ lẹ máa bá nínú oṣù kẹwàá. Omi tó ń kún bá wa kì í ṣe òjò tiwa nìkan. Ouémé ló gùn jù nínú àwọn odò Benin, ó tó kìlómítà 510, láti àríwá lọ́hùn-ún ló ti ń bọ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ Ṣábẹ̀ẹ́ kọjá, òjò tó rọ̀ lápá ibẹ̀ nínú oṣù kẹjọ ni omi ẹ̀ máa wá dé ọ̀dọ̀ wa ní oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá. Ìgbà yẹn ni gbogbo àfonífojì láti Bonou títí dé Aguégués máa ń di omi kan náà. Ibi tó jẹ́ etí odò lóṣù kẹta ti di àárín odò, igi tẹ́ ẹ so okùn mọ́ lọ́dún tó kọjá, orí ẹ̀ nìkan lẹ máa rí.

Omi yẹn kì í sì í nìkan bọ̀, ewé jacinthe ló máa ń kó bọ̀, ewé tútù yọ̀yọ̀ tí òdòdó ẹ̀ rẹwà lójú, tó ń léfòó lọ bí ẹní. Ẹ má fi ojú òdòdó wò ó o. Lọ́dún kan mo so ọkọ̀ mi mọ́ ibi tí odò ti ṣẹ́ kọ̀rọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí omi ti jìn, mo rò pé mo gbọ́n torí ọkọ̀ ò ní gúnlẹ̀. Ní nǹkan bí aago méjì òru mo gbọ́ ohun kan tó ń họ ara ọkọ̀, ṣìì, ṣìì, bí ẹni ń fi ìgbálẹ̀ gbálẹ̀. Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mi ò rí omi mọ́, ewé ni gbogbo ẹ̀ títí dé ibi tí iná mi mọ, ó ti di mọ́ okùn ìdákọ̀ró, ó ń tì wá lọ díẹ̀díẹ̀, ìdákọ̀ró sì ń wọ́ tẹ̀lé wa nínú ẹrẹ̀. Ẹnjìnì ò wúlò, ẹ ò lè tan ẹnjìnì sáàárín ewé bẹ́ẹ̀, á kàn fi ara ẹ̀ wé e ni. Àdá la fi gé e títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni apẹja kan wá ṣàlàyé fún mi pé ewé a máa tẹ̀ lé ibi tí omi ti ń sáré, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí odò ti yọ kẹ̀kẹ̀ síta ló máa ń gbà, nítorí náà inú kọ̀rọ̀ ni kéèyàn sùn sí, níbi tí omi ti rọ̀. Ibẹ̀ ò jìn tó bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ẹ kàn máa fi ọ̀pá wọ̀n ọ́n dáadáa.

Tó bá di oṣù kejìlá sókè, omi á fà, iyọ̀ á wọlé láti òkun gba ẹnu ọ̀nà Kútọnu, ewé jacinthe á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ìgbà yẹn ló dùn jù láti rìn, àmọ́ omi ò ní pọ̀, lórí adágún Nokoué ibi tó pọ̀ ò ní tó mítà méjì, tí ọyẹ́ bá sì fẹ́ láàárọ̀ ẹ ò ní rí imú ọkọ̀ yín. Láti oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, ìjì lẹ máa ṣọ́ra fún, mo ṣì ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Ẹ wo máàpù nílé, kì í ṣe lójú omi

Ẹ ṣí àwòrán sátẹ́láìtì lórí Google, ẹ fà á súnmọ́ dáadáa. Ẹ máa rí àwọn nǹkan tó rí bí àlà oko lórí adágún, òmíràn roboto, òmíràn onígun mẹ́rin, dúdú dúdú. Àkàjà nìyẹn, ẹ̀ka igi tí wọ́n rì mọ́ ẹrẹ̀ kí ẹja lè wá máa gbé inú ẹ̀, tó bá pé àkókò wọ́n á fi àwọ̀n yí i ká, wọ́n á kó o. Ohun ìní ni, ó dà bí oko kòkó lójú ẹni tó ni ín. Ẹ sàmì sí wọn, ẹ jìnnà sí wọn, kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé àwòrán yẹn lè ti pẹ́, èyí tí wọ́n rì lóṣù tó kọjá ò ní sí níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ẹ mú ibi mẹ́ta, ẹ má mú ẹyọ kan. Èyí tó wù yín jù, èyí tó wà kí ẹ tó débẹ̀, àti èyí tẹ́ ẹ lè padà sí. Ẹ fi máàpù náà pamọ́ sínú fóònù kó lè ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, OsmAnd lèmi ń lò, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì a máa lọ a máa bọ̀ láàárín àwọn ilé orí omi. Ẹ ṣírò àkókò yín sẹ́yìn láti ìgbà tí oòrùn ń wọ̀. Lọ́dọ̀ wa níbí, yálà ẹ̀ẹ̀rùn ni àbí òjò, láàárín aago 6 kọjá díẹ̀ sí 7 kọjá díẹ̀ ni oòrùn ń wọ̀, òkùnkùn kì í sì í pẹ́ rárá, kẹ́ ẹ tó sọ pé ẹ ń wá tọ́ọ̀ṣì ó ti ṣú. Èmi, aago 4 àbọ̀ ni mo fi sí, tí mi ò bá tíì dé ibi àkọ́kọ́ nígbà yẹn, mo máa yà sí ìkejì láìjanpata. Àwọn kan máa ń sọ pé ojo ni mí. Kò burú.

Àwọn ibi tí mo mọ̀, àti bí wọ́n ṣe rí

Tẹ́ ẹ bá kúrò ní Àjàṣẹ́, ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta lọ̀nà pín sí. Ẹ lè gba kánàlì Totchè, tó bíi kìlómítà 5, já sí Nokoué, kẹ́ ẹ bá a lọ sí Ganvié àti Kútọnu. Ẹ lè wọ ẹnu odò Ouémé gòkè lọ sí Dangbo, Adjohoun, Bonou. Ẹ sì lè bá ọ̀sà lọ sí ìlà oòrùn, níbi tó ti ń já sí Àgbádárìgì àti Èkó.

Ní Àjàṣẹ́ fúnra ẹ̀, etí ọ̀sà ní Lokpodji ló rọrùn jù. Ọkọ̀ pọ̀ níbẹ̀, èèyàn pọ̀, ẹ máa rí oúnjẹ rà, ẹ máa rí ọlọ́dẹ tó máa bá yín ṣọ́ ọkọ̀. Ariwo ni wàhálà ẹ̀, àti ìgbì táwọn ọkọ̀ ẹlẹ́nu gígùn ń dá sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń sáré kọjá. Ẹ má so mọ́ ibi tí èrò ti ń wọ ọkọ̀ láàárọ̀, nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí ni wọ́n ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn yín, tó jẹ́ pé kò tiẹ̀ sí ilẹ̀kùn.

Aguégués ni mo fẹ́ràn jù, mi ò ní parọ́. Abúlé orí omi ni wọ́n, láàárín ẹ̀ka odò, kò jìnnà sí Àjàṣẹ́, omi ibẹ̀ máa ń dákẹ́ lálẹ́ torí ilé àti koríko ń gba afẹ́fẹ́. Ẹ lè so ọkọ̀ mọ́ òpó ilé ẹni tó bá gbà yín, ìyẹn sàn ju ìdákọ̀ró èyíkéyìí lọ. Ganvié náà dáa, ó ní ilé àlejò orí òpó tẹ́ ẹ lè gbé ọkọ̀ sí abẹ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ sùn sókè lórí bẹ́ẹ̀dì, àmọ́ ibi táwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ń lọ ni, wọ́n á fẹ́ kẹ́ ẹ sanwó fún gbogbo nǹkan, ẹ dúnàádúrà kẹ́ ẹ tó ju okùn.

Lórí Ouémé lápá òkè, èbúté ọjà ló pọ̀, bí Azowlissè. Ibi ire ni lọ́jọ́ tí kò sí ọjà. Tó bá ku ọ̀la ọjà, ẹ sá níbẹ̀, láti òru làwọn ọkọ̀ ti máa ń dé pẹ̀lú ẹ̀gẹ́, ata, igi ìdáná àti ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n á há yín mọ́ àárín, ẹ ò ní jáde títí di ọ̀sán. Ẹ bèèrè ọjọ́ ọjà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tẹ́ ẹ bá pàdé lọ́nà.

Odò dúdú Adjarra ńkọ́? Igi bò ó lórí, afẹ́fẹ́ ò lè rí yín, omi ẹ̀ dúdú bí àdìn, ó rẹwà débi pé ẹ ò ní fẹ́ sọ̀rọ̀ sókè. Àmọ́ ó tóóró, ẹ̀fọn ibẹ̀ sì lè gbé èèyàn. Ọkọ̀ kékeré nìkan ló yẹ ẹ́.

Apá ìlà oòrùn, ọ̀sán ni kẹ́ ẹ lọ. Ibodè wà níbẹ̀, àwọn aṣọ́bodè wà lójú omi, àwọn ọkọ̀ tó ń kó kpayo (epo fàyàwọ́) sì ń sáré lóru láìtan iná, pẹ̀lú gálọ́ọ̀nù epo kún inú ẹ̀ dẹ́nu. Ẹni tó bá dákọ̀ró sójú ọ̀nà wọn lóru láìtan iná, wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dé Àgbádárìgì, ẹ kó ìwé ọkọ̀ àti ìwé ara yín dání, ẹ fara hàn wọ́n, kẹ́ ẹ sì sùn sí ìhín tàbí ọ̀hún, ẹ má sùn sáàárín.

Wíwá olówó ibẹ̀

Abèèrè kì í ṣìnà, àmọ́ ọ̀nà téèyàn gbà bèèrè ló ṣe kókó. Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Tó bá ku bíi igba mítà, mo máa dín ẹnjìnì kù pátápátá, mo máa fi ọ̀pá tì í wọlé. Ẹni tó bá sáré wọ abúlé orí omi, ìgbì ẹ̀ á da omi sínú ọkọ̀ àwọn ìyá tó ń dáná, wọ́n ti bínú sí i kó tó ya ẹnu. Mo máa wá àgbàlagbà kan tó ń tún àwọ̀n ṣe, àwọn ló ń mọ gbogbo nǹkan.

"Bàbá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ kú iṣẹ́."

"Òò, ẹ káàbọ̀. Níbo lẹ ti ń bọ̀?"

"Àjàṣẹ́ ni, Bàbá. Ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú, a ò fẹ́ ki orí bọ ohun tí a ò mọ̀. Ta la lè rí tí a bá fẹ́ sùn síbí di àárọ̀?"

Ẹ wò ó dáadáa, mi ò bèèrè bóyá mo lè sùn síbí. Mo bèèrè ẹni tí mo lè rí. Tẹ́ ẹ bá bèèrè ti àkọ́kọ́, ẹni yẹn lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni kó lè lé yín lọ, ká wá rí i lóru pé kò láṣẹ níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá bèèrè ìkejì, ó máa mú yín lọ bá olórí abúlé tàbí ẹni tó ni omi, ẹ ti ní ẹlẹ́rìí nìyẹn. Èdè Ègùn ló pọ̀ jù lójú omi. Àwọn àgbà tó ń ná ọjà Àjàṣẹ́ sábà máa ń gbọ́ Yorùbá, àmọ́ ní òkè odò ẹ mú ẹni tó gbọ́ Ègùn dání.

Ẹ má ki owó sílẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ owó, ẹ mú nǹkan dání dípò ẹ̀. Obì dáa, sodabi (ògógóró wa) dáa, búrẹ́dì Àjàṣẹ́ náà dáa gan-an torí ó ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. (Ẹ wo ojú ẹni tẹ́ ẹ ń gbé sodabi fún o, mo ti gbé e fún Alájì kan rí, ọlọ́run ló kó mi yọ, ọmọ ẹ̀ ló bá a gbà á lẹ́yìn.) Tí ẹnì kan bá máa jí ṣọ́ ọkọ̀, ẹgbẹ̀rún kan fàráǹ sí ẹgbẹ̀rún méjì lèmi sábà ń fún un, láàárọ̀, kì í ṣe lálẹ́.

Lẹ́yìn náà, ohun mẹ́ta wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ bèèrè kẹ́ ẹ tó ju okùn. Ṣé Orò tàbí Zangbeto ń jáde lónìí? Tí Orò bá ń jáde, obìnrin tó bá wà nínú ọkọ̀ ò gbọ́dọ̀ sí níta rárá, tapólì kì í sì í ṣe ògiri, nítorí náà ẹ wá ilé fún un kó tó di alẹ́, tàbí kẹ́ ẹ kúrò níbẹ̀. Zangbeto ní tiẹ̀, ọlọ́dẹ ìlú ni, tí wọ́n bá ti mọ̀ yín lálejò kò sí wàhálà, ẹni tí wọn ò mọ̀ ló ń rí wàhálà. Ìkejì, kí lèèwọ̀ omi yìí? Ibòmíràn wọn kì í fọ ìkòkò dúdú sínú ẹ̀, ibòmíràn wọn kì í wẹ̀ níbi kan, wọ́n á sọ fún yín, ẹ gbọ́ kẹ́ ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má jiyàn. Ìkẹta, ta ló ń gba ibí kọjá lóru? Ìbéèrè yìí ti gbà mí ju gbogbo tó kù lọ.

Ẹ dán ibẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó gbà á

Pé wọ́n fún yín láyè ò sọ pé ibẹ̀ dáa fún ọkọ̀ yín. Ẹ rọra yí i po lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ máa ki ọ̀pá bọ omi ní gbogbo mítà mẹ́ta mẹ́rin. Ẹ máa wọn jíjìn ẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa gbọ́ ohun tó wà nísàlẹ̀ látọwọ́ yín. Ẹrẹ̀ á gbà á wọlé, á sì dì í mú nígbà tẹ́ ẹ bá ń fà á. Yanrìn á dún kẹ̀rẹ̀ kẹ̀rẹ̀. Tí ọ̀pá bá kan ohun kan tó ń rọ̀ tó ń tì í padà, igi ni, ẹ kúrò níbẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé àwọn àgbà ní odò kì í kún kó bo ẹja lójú. Lóòótọ́ ni, àmọ́ ó ń kún bo àkàjà lójú. Nígbà omi kíkún, orí igi yẹn ò ní yọ síta rárá. Mo ti ju ìdákọ̀ró sínú àkàjà onílùú rí, ní òpin kánàlì lápá Nokoué, ilẹ̀ ti ń ṣú, mi ò fi ọ̀pá wò. Láàárọ̀ tí mo fẹ́ fà á jáde, igi mẹ́fà méje ló bá a jáde. Ẹni tó ni ín dúró sórí ọkọ̀ ẹ̀, kò pariwo, ó kàn ń ka igi náà sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí mo fi tọwọ́ bọ àpò. Mo sanwó, mo tún bá a rì í padà, ọ̀sán la tó parí. Òun ló wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀pá gbọ́ igi nísàlẹ̀ omi, nítorí náà mi ò ka owó yẹn sí àdánù.

Ẹ wo òpó ilé tó wà nítòsí, ibi tí omi ti dé rí máa ń fi àmì sílẹ̀ lára igi, ẹ máa mọ bó ṣe ń lọ sókè tó. Ẹ sá fún ibi tí wọ́n ti ń wa yanrìn, ihò ibẹ̀ lè jìn ju okùn yín lọ.

Ti afẹ́fẹ́ wá ni mo ní mo ń bọ̀ lórí ẹ̀. Lójoojúmọ́, láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn ló ti ń fẹ́ wá, ó máa ń le lọ́sàn-án, ó máa ń rọlẹ̀ lálẹ́. Ẹni tó bá ro ìyẹn nìkan á lọ sùn sí etí gúúsù, kó lè fi ilẹ̀ gba afẹ́fẹ́. Ó dáa, àfi láti oṣù kẹta sí ìkarùn-ún àti lápá òjò kejì, torí ìjì òjò, láti ìlà oòrùn ló ń bọ̀. Ẹ máa rí i tí ojú ọ̀run ibẹ̀ dúdú, afẹ́fẹ́ á kọ́kọ́ dákẹ́ lójijì, atẹ́gùn tútù á tẹ̀ lé e, kẹ́ ẹ tó mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta ó ti dé. Nítorí náà lásìkò yẹn, ibi tó ní ààbò lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì ni kẹ́ ẹ wá, ẹnu kánàlì kékeré, tàbí àárín ilé. Gbangba adágún, rárá o.

Bí a ṣe ń so ó

Tó bá jẹ́ òpó ilé ni, okùn méjì, iwájú àti ẹ̀yìn, ẹ má fà á le. Omi ọ̀sà wa ń gòkè ń sọ̀ díẹ̀díẹ̀ nítorí òkun, tí òjò bá sì rọ̀ lókè odò ó lè gòkè ju bẹ́ẹ̀ lọ kílẹ̀ tó mọ́. Okùn tó le gan-in á gbé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kan kọ́, èkejì á máa mu omi. Ẹ fi táyà àlòkù sáàárín ọkọ̀ àti òpó.

Tí kò bá sí òpó, ẹ ṣe bí àwọn apẹja, ẹ rì ọ̀pá. Oparun méjì tó nípọn, tó gùn ju jíjìn omi lọ ní mítà méjì ó kéré tán. Ẹ gbé imú ọkọ̀ kọjú sí ibi tí omi ti ń bọ̀, ẹ ki ọ̀pá àkọ́kọ́ bọ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú ọkọ̀, ẹ fi ara tẹ̀ ẹ́ bẹ́ ẹ ṣe ń yí i sọ́tùn-ún sósì, títí tó fi wọlé tó mítà kan. Tó bá dúró fúnra ẹ̀ tẹ́ ẹ fi ọwọ́ sílẹ̀, ó ti wọlé. Ẹ wá ṣe ìkejì nídìí ọkọ̀. Ẹ ta okùn mọ́ ọn ní kókó tó lè yọ̀ sókè sísàlẹ̀ lára ọ̀pá bí omi bá ṣe ń ṣe.

Ìdákọ̀ró, níbi tó jìn díẹ̀ ni, tàbí tẹ́ ẹ fẹ́ fi kún ọ̀pá. Nínú ẹrẹ̀ wa yìí, èyí tó ní abẹ́ pẹlẹbẹ méjì ló ń dì í mú, òkúta tí wọ́n so okùn mọ́ kàn ń yọ̀ lọ ni. Gígùn okùn ló sì ń ṣiṣẹ́. Ẹ wọn jíjìn omi, ẹ fi gíga imú ọkọ̀ kún un, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po márùn-ún, tójú ọjọ́ bá ń halẹ̀ ẹ sọ ọ́ di méje. Tí omi bá jẹ́ mítà kan àbọ̀ tí imú ọkọ̀ fi ààbọ̀ mítà ga, méjì nìyẹn, lọ́nà méje ó di mítà 14. Ẹ wá wò ó pé tí ọkọ̀ bá yí po pẹ̀lú okùn mítà 14 yẹn, kí ló máa kọ lù? Tí nǹkan bá wà níbẹ̀, ẹ ju ìdákọ̀ró kejì sẹ́yìn kó má lè yí. Lẹ́yìn náà ẹ fi ẹnjìnì fà á padà sẹ́yìn jẹ́ẹ́jẹ́, ẹ wo igi méjì lórí ilẹ̀ tó tò léra wọn, tí wọ́n bá ṣì tò bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìdákọ̀ró ti dì í mú, ẹ lè dáná.

Òru

Iná funfun kan níbi tó ga jù, kó hàn ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, títí ilẹ̀ á fi mọ́. Iná sólà kékeré tó, mi ò mọ ìdí táwọn èèyàn fi ń ṣahun níbẹ̀. Ẹ ti ẹnjìnì mọ́ ọkọ̀ pẹ̀lú ṣéènì, kẹ́ ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ sábẹ́ ìrọ̀rí. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, kì í ṣe kọ́ìlì, torí ẹni tó ń tan kọ́ìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ gálọ́ọ̀nù epo ń fi iná ṣeré, jẹnẹrétọ̀ náà ò sì gbọdọ̀ máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ tapólì tẹ́ ẹ sùn sí, èéfín ẹ̀ kì í jí èèyàn. Ẹ gbé jakẹ́ẹ̀tì omi sún mọ́ ara, tó bá dọ̀rọ̀ ìtọ̀ lóru ẹ wọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó dìde, ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣubú sómi, ìgbà yẹn ni. Panápaná ni 118. Nọ́ńbà olórí abúlé náà, ẹ gbà á kẹ́ ẹ tó sùn, àwọn tó bá sì ní nọ́ńbà àtijọ́ nínú ìwé, ẹ rántí pé láti òpin oṣù kọkànlá 2024 ni 01 ti ń ṣáájú gbogbo ẹ̀ ní Benin, tí nọ́ńbà fi di mẹ́wàá.

Mo máa ń jí lẹ́ẹ̀kan, nǹkan bí aago méjì, mo máa fi ọwọ́ kan okùn. Okùn tó ń gbọ̀n kì-kì-kì lábẹ́ ọwọ́, ìdákọ̀ró ń wọ́ nìyẹn. Tó bá kàn le tó tún rọ̀, mo padà sùn.

Àárọ̀

Ẹ lọ kí bàbá yẹn kẹ́ ẹ tó tan ẹnjìnì, ẹ fún ọlọ́dẹ ní tiẹ̀. Ẹ wo ìdí ẹnjìnì bóyá ewé tàbí ọ̀rá ti dí ihò tó ń fa omi, tí omi ò bá tú jáde lẹ́yìn tẹ́ ẹ tan án, ẹ pa á kíá.

Okùn ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tú, ti iwájú tó kọjú sí omi ni kẹ́ ẹ tú kẹ́yìn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọkọ̀ á yí gbirigbiri mọ́ ilé onílé. Ti ọ̀pá ńkọ́, ẹ má fà á sókè tààrà. Ẹ kọ́kọ́ yí i sọ́tùn-ún sósì kí ẹrẹ̀ fi í sílẹ̀, kẹ́ ẹ tó fà á, kẹ́ ẹ sì rí i pé okùn kan ṣì wà lára ọkọ̀. Èmi fà á tààrà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mi ní Aguégués, mo ti tú gbogbo okùn, mo di ọ̀pá mú, ọ̀pá di ẹrẹ̀ mú, ọkọ̀ ní tiẹ̀ bá omi lọ. Mo so kọ́ sójú omi bí aṣọ tí wọ́n sá, àwọn ọmọdé tó ń tukọ̀ lọ sí ilé ìwé dúró wò mí, ọ̀kan nínú wọn ló sì lọ bá mi mú ọkọ̀ wá. Títí dòní tí mo bá dé abúlé yẹn, ohun tí wọ́n fi ń kí mi ni pé ṣé mo ti yí ọ̀pá.